Bẹ́ ẹ ṣe lè ya neuron kó sì yé yín

Neuron ni sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ àti iṣan ara tó ń fi iná gbé iṣẹ́ kiri ara. Ẹ mú bírò àti pépà, torí ká kàn máa kà á lásán, kì í wọ orí. Ẹ ya róbótó kan, kí ẹ ya kékeré míì sínú ẹ̀: èyí ńlá ni ara sẹ́ẹ̀lì, kékeré ni nucleus, ibẹ̀ ni DNA wà. Ẹ wá fa ọwọ́ wínníwínní jáde lára ara sẹ́ẹ̀lì yẹn bí ẹ̀ka igi, dendrite nìyẹn, àwọn ló ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán wá.

Ó ku ìrù. Ẹ fa ìlà gígùn kan ṣoṣo, axon nìyẹn o, ibí ni wọ́n ti máa ń yà á kúrú jù, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti ẹ̀yìn lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà 1. Ẹ fi myelin wé e, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, bíi rọ́bà ara wáyà, àmọ́ ẹ máa fi àlàfo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí láti àlàfo dé àlàfo ni iná ti ń fò, òun ló ń jẹ́ kó lè sáré tó mítà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì 1.

Iná wo? Tí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, ìwọ̀n iná inú ẹ̀ máa ń wà ní bíi -70 mílífólítì sí ti ìta ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá dé, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké ara ẹ̀ á ṣí, sodium (èròjà kan tó ń gbé iná) á rọ́ wọlé, potassium tóun náà ń gbé iná á wá jáde, ó parí, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá.

Ní ìdí ìrù, ẹ ya neuron míì sí i, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fara kanra! Àlàfo yẹn ni synapse, kẹ́míkà ló sábà máa ń sọdá ẹ̀.