Àdéhùn ẹnu àti gbígba ohùn oníbàárà sílẹ̀: ibi tí òfin gbà ọ́ láyè dé

Ní Láàgèrè, tàbí níwájú géètì OAU ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń dáṣẹ́ ṣe ló ń gba iṣẹ́ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Oníbàárà á pè, ẹ ó dúnàádúrà, á ní, "Máa ṣe é lọ, owó ẹ ò lè sọnù." Tí iṣẹ́ bá parí tán, á ní, "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Òfin Nàìjíríà ka àdéhùn ẹnu sí. Bí ẹnì kan bá dárúkọ iṣẹ́ àti iye rẹ̀, tí ẹnì kejì gbà, tí wọn kò sì fi ṣeré, ó ti dè wọ́n. Ẹ̀rí ló máa ń wọ́n.

Kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹnu nìkan kò ká. Ṣíṣe onígbọ̀wọ́ gbèsè ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ilẹ̀ títà náà wà níbẹ̀, àyàfi èyí tí wọ́n bá tà nílànà ìbílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Èyí tó kàn wá jù ni òfin copyright, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ti ọdún 2022. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ di tirẹ̀ pátápátá, tàbí kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa lò ó, àfi kó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda lásán pé kí ó máa lo lógò tí o yà fún un, ẹnu tó o. Oníbàárà tó bá ní "gbogbo ẹ̀ ti di tèmi," bi í pé ìwé dà.

Lẹ́yìn ìpè, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó fi irú èyí ránṣẹ́ lórí WhatsApp:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Bí a ṣe sọ ọ́ lórí fóònù: lógò kan, bánà méjì, ₦80,000. Ẹ ó san ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màá ṣàtúnṣe. Tí mo bá ṣì yín gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

"OK" lásán tó. Tó bá dákẹ́, má tíì fọwọ́ kan iṣẹ́. Nígbà tó bá ń ṣe tíráńsífà, ní kó kọ ohun tí owó náà wà fún síbẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì báńkì kì í jiyàn.

Ní ti gbígba ohùn sílẹ̀, èmi ò fara mọ́ ti bòńkẹ́lẹ́. Abala 37 òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀ orí fóònù. Abala 12 òfin Cybercrimes (òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára) ti 2015 sì ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2, tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦5,000,000, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó bá fi ẹ̀rọ jí ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ránṣẹ́ síra wọn gbọ́. Ìpè tí ìwọ alára wà nínú rẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ lọ́yà oníbàárà ṣì lè fi abala 37 bá ọ fà á. Béèrè ní gbangba: "Ẹ má bínú mà, mo fẹ́ gba ohùn wa sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Ṣé kò burú?" Kí ìdáhùn wọn wà nínú ohùn náà. Tí oníbàárà bá wà ní Jámánì tàbí California, ọ̀ranyàn ni kí o béèrè, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni níbẹ̀ láti gba ọ̀rọ̀ àṣírí sílẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbà.

Má gé ohùn náà, má sì gbé e sí status láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Tọ́jú fóònù tó gbà á, torí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé ìjẹ́rìí nípa ẹ̀rọ náà kí kóòtù tó gbà á wọlé.

Tí kò bá san, kọ lẹ́tà sí i, kí o fún un ní gbèdéke. Tó bá tún ṣe bí ẹni tí kò rí i, kóòtù Májísíréètì ló kàn. Má sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá: abala 32 òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Òun náà ni kí o tọ́ka sí tí oníbàárà bá fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọ nítorí pé iṣẹ́ pẹ́.