Bí mo ṣe fi ẹrọ̀fọ̀ yọ bàbà kúrò nínú omi

Láti ìgbà tí iṣẹ́ góòlù ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lápá òkè odò ni omi Ọ̀ṣun ti pọ́n. Àwa ará Òṣogbo fojú rí i. Iyẹ̀pẹ̀ ló fún un láwọ̀ yẹn. Bu ú sínú garawa, kí o fi sílẹ̀, á silẹ̀. Irin bí òjé tó lè yọ́ sínú omi, tójú kò rí, ló ń já mi láyà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dán bakitéríà, ohun alààyè tíntìntín tójú kò rí, wò lẹ́yìnkùlé, bóyá ó lè yọ irú irin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú omi. Bàbà ni mo lò, torí àwọ̀ rẹ̀ ń hàn: mo yọ́ kọ́pà súlíféètì díẹ̀ sínú omi, ohun búlúù tó ní bàbà nínú, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó fi ń gbógun ti àrùn.

Inú ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó ń rùn, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé, ni bakitéríà yìí ń gbé. Mo bu ú létí àbàtà sínú ike, mo fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i fún oúnjẹ, mo sì da POP díẹ̀ lé e, èyí táwọn tó ń ṣe àjà ilé ń lò. Súlíféètì, ohun tó ní imí ọjọ́ nínú, wà nínú POP. Òun ni àwọn bakitéríà náà ń fi mí dípò ọ́síjìn, wọ́n á sì sọ imí ọjọ́ inú rẹ̀ di gáàsì tó ń so mọ́ bàbà. Mo bu omi kún un dé ọrùn, mo dé e pinpin. Mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ìdérí, mo ki ẹnu rẹ̀ kejì bọ ife omi búlúù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ife yẹn ṣeré. Gáàsì tó ń jáde ń rùn bí ẹyin ọ̀bu, ó sì lè pani. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má gbé imú sún mọ́ ọn. Omi búlúù ń mú gáàsì náà mọ́lẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnu rọ́bà inú ife dúdú, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mo fa omi orí ẹrọ̀fọ̀ jáde, mo ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú omi búlúù tó kù. Lójú ẹsẹ̀ ló ṣú dùdù! Nígbà tó silẹ̀, búlúù ti lọ. Mo fi òwú dí ẹnu àrọ, mo sẹ́ ẹ. Ohun dúdú tó kù lórí òwú ni bàbà tó so mọ́ imí ọjọ́. Ẹ má da omi búlúù lé ẹrọ̀fọ̀ tààrà o, bàbà tó bá pọ̀ ń pa àwọn bakitéríà náà.

Ní Budel, ní Netherlands, ilé iṣẹ́ síǹkì kan ti ń fi irú bakitéríà yìí fọ omi abẹ́ ilẹ̀ láti 1992, síǹkì tí wọ́n sì rí kó jọ ń padà sínú iná ìléru.

Omi tí mo sẹ́ kò ṣeé mu. Láábù ni mo ń gbé e lọ, kí wọ́n wọn bàbà tó ṣẹ́kù. Síǹkì ni mo máa dán wò tẹ̀lé e.