Bí Mo Ṣe Sọ Àlọ́ Ìjàpá di Èdè Fínláǹdì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìkàwé àdúgbò wa ní Vuosaari, ní apá ìlà-oòrùn ìlú Helsinki, bi mí bóyá mo lè wá ka ìtàn kan láti ilẹ̀ Yorùbá fún àwọn ọmọdé ní satutunti, èyí tí í ṣe wákàtí àlọ́ tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé. Mo gbà lójú ẹsẹ̀. Àlọ́ tí ìyá ìyá mi máa ń pa fún wa ni mo mú, èyí tó dá lórí Yánníbo, aya Ìjàpá, tó ń wá ọmọ, tí babaláwo se àsèjẹ fún un, tí ọkọ rẹ̀ tó lọ gbà á wá sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà títí ikùn tirẹ̀ fi yọ bẹ̀ǹbẹ̀. Mo rò pé alẹ́ méjì ni ìtumọ̀ rẹ̀ yóò gbà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò, nítorí pé gbogbo gbólóhùn ló ń bi mí ní ìbéèrè tí èdè Yorùbá tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bi mí rí.

Orúkọ Ìjàpá fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Kilpikonna ni wọ́n ń pe ìjàpá níbí. Kilpi ni asà tí jagunjagun fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Konna jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn òde òní, oníjìbìtì ni konna. N kò tíì rí orúkọ tó bá Ìjàpá wa mu tó èyí ní èdè mìíràn. Bí èdè yìí ṣe máa ń so ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pọ̀ dípò kó yá ti ẹlòmíràn nìyẹn: tietokone, ẹ̀rọ ìmọ̀, ni kọ̀ǹpútà, rautatie, ọ̀nà irin, ni ohun tí àwa náà ń pè ní ojú irin, maa ni ilẹ̀, ilma ni afẹ́fẹ́, maailma sì ni ayé. Babaláwo ló le jù. Mo pè é ní tietäjä, ìyẹn ẹni tó mọ̀, orúkọ tí àwọn ará ibí fi ń pe àwọn tó máa ń fi ọfọ̀ wo aláìsàn nígbà àtijọ́. Kò sí Ifá nínú ọ̀rọ̀ náà, èyí sì dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún sún mọ́ ọn.

Ní ti ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ, ilé ni mo wà. Hän ni ọkùnrin, hän náà ni obìnrin, gẹ́gẹ́ bí "ó" ṣe rí lọ́dọ̀ wa, nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Súwídìn yóò fẹ́ mọ̀ bóyá akọ tàbí abo ni. Ìyàtọ̀ kan ni pé, nínú ìwé kíkọ, se ni wọ́n ń lò fún ẹranko. Mo kọ hän fún Ìjàpá, nítorí pé ẹni tó níyàwó tó sì ń ṣẹ̀tàn kì í ṣe ẹranko lásán.

Lẹ́yìn èyí ni mo dé ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rù. Èdè Fínláǹdì kò bá ti Súwídìn tàbí ti Rọ́ṣíà tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ Súwídìn ni ilẹ̀ náà wà títí di ọdún 1809, tó sì bọ́ sábẹ́ Rọ́ṣíà títí di ọdún 1917. Ìbátan rẹ̀ ni èdè Ẹstóníà, àwọn èdè Sámì, àti ti Húńgárì lókèèrè. Ipò 15 ni àwọn ìwé gírámà kà fún ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, ìrù ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀. Metsä ni igbó. Inú igbó ni metsässä, láti inú igbó ni metsästä, sínú igbó ni metsään. Ohun tí àwa ń kó síwájú ni wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn. Fáwẹ̀lì inú ìrù náà sì gbọ́dọ̀ bá ti ara mu: talo, ilé, di talossa, kì í ṣe talossä. Èyí kò ṣòro fún mi, nítorí pé inú èdè tí e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé inú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí Ìjàpá fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, kompastui juureen ni mo ní láti kọ, bí ẹni pé ó ṣubú sínú gbòǹgbò náà. Ó yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo rántí pé àwa náà máa ń sọ pé a gbàgbé ìwé sílé. Unohdin kirjan kotiin: "sí" wa gan-an ló wà ní ìparí kotiin yẹn.

Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Keitto ni ọbẹ̀. Níbi tí Ìjàpá ti lá ìka rẹ̀, mo kọ maistoi keittoa, ó tọ́ ọbẹ̀ wò. Níbi tó ti gbé gbogbo rẹ̀ jẹ, mo kọ söi keittoa. Mo gbé e lọ fún màmá kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n sì béèrè pé, "Kí ló wá kù fún Yánníbo nínú ìkòkò?" Mo ní kò ku nǹkan kan. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n pa keittoa rẹ́, wọ́n kọ keiton. Söi keittoa ni pé ó jẹ nínú ọbẹ̀. Söi keiton ni pé ó jẹ ẹ́ tán. "Tán" tí àwa ń fi ti ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn, ara ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kódà ọ̀kan nínú t méjèèjì já bọ́ nígbà tí ìrù yí padà. Màmá náà tún fi kún un pé rakastan sinua, mo fẹ́ràn rẹ, kì í gba ìrù "tán" láéláé. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo gbọ́ èyí.

Sinä ni wọ́n ní kí n máa pè wọ́n, bí ẹni ń sọ "ìwọ" fún ojúgbà rẹ̀. Te wà fún ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó máa ń mú kí ènìyàn jìnnà sí wọn. Mo gbà, ẹnu mi sì ń wúwo nígbà gbogbo.

Orin àlọ́ náà ló kẹ́yìn. Ohùn kò yí ìtumọ̀ padà nínú èdè yìí, gígùn ló ń yí i: tuli ni iná, tuuli ni afẹ́fẹ́, tulli ni kọ́sítọ́ọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe rí fún wa. Ọdún 1543 ni Mikael Agricola, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Turku, tẹ ìwé àkọ́kọ́ ní èdè Fínláǹdì. Ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther, tí òun náà padà di bíṣọ́ọ̀bù, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Lónìí, kò sí ará Fínláǹdì tó máa fo u kejì nínú tuuli, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń fo àmì ohùn lójoojúmọ́, n kò sì rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo fi ègbè sílẹ̀ ní Yorùbá, mo sì kọ ìlà tó ṣáájú rẹ̀ sí sílébù mẹ́jọ, bí orin àtijọ́ wọn ṣe máa ń rí: Auta, auta, viisas vanhus. Ràn mí lọ́wọ́, àgbà ọlọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ gbe ègbè náà dáadáa, wọ́n sì ń tẹ sílébù àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè wọn ti kọ́ wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí ikùn Ìjàpá ti wú, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nàka sókè, ó ní, "Söikö hän koko keiton?" Keiton ló sọ, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a lóhùn pé, "Koko keiton." Mo ka ìyókù, mo sì fi gbólóhùn tí wọ́n fi ń parí àlọ́ wọn parí tèmi: Sen pituinen se. Bó ṣe gùn mọ nìyẹn.