Bí mo ṣe mú ọmọ onítìjú mọ́ra ní kíláàsì mi

Kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ n'Íbàdàn. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n mú ọmọkùnrin kan wá tí kì í la ẹnu rárá. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, á doríkodò, á máa fi ìka yí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ nílé, ẹ ó bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Ọmọ tó ń rojọ́ nílé tó wá ń yadi níléèwé, ẹ̀rù ló dè é lẹ́nu. Àwọn dókítà pàápàá kì í ka oṣù àkọ́kọ́ níléèwé mọ́ ọn kí wọ́n tó pè é ní àìsàn.

Rẹ́jísítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹni tó bá fẹ́ lè dáhùn, ẹni tó bá fẹ́ lè nawọ́, kó má baà dà bíi pé òun nìkan la ṣe é fún. Mo bẹ ìyá rẹ̀ kó máa tètè mú un wá kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. A jọ máa ń to bẹ́ǹṣì. Òun ló ń fi dọ́sítà nu pátákó. N kì í bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró, mi ò ní tẹjú mọ́ ọn, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe ni màá máa sọ: "Ibi tó o nù yìí mọ́ ju tèmi lọ." Mo tún bẹ àwọn ará ilé rẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má bi í pé, "Ṣé o sọ̀rọ̀ lónìí?"

Àlọ́ ló wá ṣe iṣẹ́ ńlá. Tí mo bá ti ní "Ààlọ́ o!", tí gbogbo wọn dáhùn "Ààlọ̀!", kò sẹ́ni tó lè mọ ohùn ta ni. Ètè rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì láìsí ohùn. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń gbe orin Ìjàpá, ó tún ń mi orí sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn: ìlà kan á gbè é, lẹ́yìn náà àwọn mẹ́ta péré.

Yorùbá ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan n'Ílé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń rí olùkọ́ tó ń fìyà jẹ ọmọ torí ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, ẹ tún gba èdè tó mọ̀ lẹ́nu rẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, dọ́sítà yìí ti gbó." Mi ò pàtẹ́wọ́, mi ò pariwo. Mo ní, "Òótọ́ ni, jẹ́ ká wá òmíì." Ìyìn níwájú èrò tún lè tì í padà.

Kò tíì lè dá dìde dáhùn níwájú gbogbo iléèwé, mi ò sì kán an lójú. Mo ti sọ fún olùkọ́ kíláàsì kejì pé kó jẹ́ kó máa nawọ́ nígbà rẹ́jísítà, kó sì fi iṣẹ́ pátákó sílẹ̀ fún un.