Kí ẹ tó gba káàdì ìrìnàjò olówó ńlá

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀ nìkan gba káàdì. Ẹ kọ́kọ́ kọ owó ọdọọdún sílẹ̀: Venture X ti báǹkì Capital One ń gba $395, Sapphire Reserve ti báǹkì Chase $795 láti 2025, Platinum ti American Express $895. Kí ẹ wá yọ kìkì owó tí káàdì á dá padà lórí ohun tí ẹ ti máa ń rà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. $300 tí Sapphire Reserve ń dá padà ń bá ìnáwó ìrìnàjò èyíkéyìí lọ, àmọ́ $300 ti Venture X, àfi tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí gba òtẹ́ẹ̀lì lórí ìkànnì Capital One fúnra rẹ̀. Ti Platinum wá wà ní ẹyọ-ẹyọ. Owó Uber rẹ̀ jẹ́ $15 lóṣù, yàtọ̀ sí Disẹ́ńbà tó jẹ́ $35. Bí oṣù bá parí tí ẹ ò ná an, ó ti lọ nìyẹn. Èmi kì í ka irú ẹ̀ mọ́ owó rárá, àyàfi fún ẹni tó ń wọ Uber déédéé.

Ẹni tí kì í san gbèsè káàdì tán lóṣooṣù, ẹ má wulẹ̀ gbà á. Èlé á jẹ gbogbo póìntì, ìyẹn èrè tí káàdì ń fúnni lórí ìnáwó, tán.