Kí Ẹ Tó Ra Bẹ́ńsì Àtijọ́, Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Owó Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Iṣẹ́ Bẹ́ńsì ni mo kọ́, òun náà ni mò ń ṣe jẹun n'Íbàdàn títí dòní. Àwọn èèyàn máa ń pè mí lórí fóònù pé: "Ọ̀gá, mo rí E350 kan, ọdún 2006, owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Corolla lọ. Ṣé kí n rà á?" Èmi náà á bi wọ́n pé: "Ta ló máa bá yín tún un ṣe? Ẹ sì ti béèrè iye tí wọ́n ń ta kọ̀ǹpútà gíyà rẹ̀ ní Ládípọ̀?" Ẹni tí kò bá rí méjèèjì dáhùn, mo máa ń ní kó ní sùúrù ná.

Owó ọkọ̀ bọ̀gìnnì tètè máa ń já wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti darúgbó. Ẹni tó rà á ní tuntun ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ti gbádùn rẹ̀ tán, ó sì tà á nígbà tí àtúnṣe ńlá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń rà á ní tòkunbọ̀ la máa san owó àtúnṣe yẹn. Owó Corolla lẹ fi rà á, owó Bẹ́ńsì lẹ ó fi tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Ẹ kọ orúkọ nǹkan márùn-ún sínú ìwé: kọ̀ǹpútà gíyà, ṣọ́kì iwájú méjèèjì, pọ́ǹpù omi, kọ́kọ́rọ́ kan, àti iná iwájú ẹyọ kan. Ẹ mú ìwé náà lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí kí ẹ wá sí Géètì n'Íbàdàn níbí, kí ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́ta, ti tuntun àti ti tòkunbọ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àròpọ̀ yẹn bá já yín láyà, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, bó ti wù kó máa dán tó. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹni tó bá ní mílíọ̀nù 9 náírà, kó wá ọkọ̀ mílíọ̀nù 6, kó fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀ de ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé ọkọ̀, ẹnu géètì ilé rẹ̀ ni ọkọ̀ náà máa pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká fi E-Class tí à ń pè ní W211, èyí tí E350 yẹn wà lára rẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Láti 2002 títí di 2009 ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó tún ojú rẹ̀ ṣe ní 2006 ní bíréèkì kan tó ń jẹ́ SBC, tó jẹ́ pé iná ló ń darí rẹ̀. Pọ́ǹpù inú rẹ̀ ń ka iye ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì. Bí iye yẹn bá ti pé, ọ̀rọ̀ pupa á jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìnáwó dé nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àtúnṣe yẹn kò ní SBC, òun ni mo máa ń ní kí èèyàn wá.

Ẹ́ńjìnnì E350 náà, M272, ní tirẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2006, irin eléyín kan wà nínú rẹ̀ tí eyín rẹ̀ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Irin náà fúnra rẹ̀ kò tóbi, àmọ́ a gbọ́dọ̀ sọ̀ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá ká tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, máa ń mú kóòdù 1200 tàbí 1208 jáde fún un. Ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì yín wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kó má gbára lé ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé nìkan. Oníbàárà mi kan ra irú ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ọkọ̀. Iná ẹ́ńjìnnì kò tàn rárá nígbà tó ń sanwó. Kó tó dé ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló tàn, 1208 ló sì jáde. Wọ́n ti pa kóòdù náà rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi síkánà wò ó, kí ẹ wà á rìn dáadáa, kí ẹ tún wá fi síkánà wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti gíyà oníméje rẹ̀, inú ọ́ìlì gíyà gan-an ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Bó bá ti kú, ọkọ̀ á há sínú gíyà kan, kò ní kúrò níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá tú lára ọkọ̀ mìíràn kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà Bẹ́ńsì fúnra rẹ̀ kọ́ ọ láti mọ ọkọ̀ tuntun tó bọ́ sí. Síkánà kékeré tí wọ́n ń tà lójú títì kò lè ṣe é. Bí mẹ́káníìkì àdúgbò yín kò bá ní ẹ̀rọ yẹn, tí kò sì mọ ẹni tó ní i, ẹ mọ̀ pé gbogbo ìgbà lẹ ó máa wọ́ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá.

Àwọn kan nínú wọn ń lo ṣọ́kì onífẹ́ẹ́fẹ́, Airmatic. Ẹ má fojú wò ó lásán. Ẹ bẹ olówó ọkọ̀ kó gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lálẹ́, kí ẹ ki ìka yín bọ àárín táyà àti etí irin tó bò ó lókè, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ rántí iye ìka tó wọlé. Ẹ padà wá ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó tanná sí i. Bí igun kan bá ti lọ sílẹ̀, tí ìka mẹ́ta àná ti di ẹyọ kan, fẹ́ẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní fẹ́ẹ́fẹ́ kò ní sinmi mọ́, títí tí yóò fi jóná. Àwọn kan ti yọ ọ́ kúrò, wọ́n ti fi sípíríǹgì sí i. Kò burú lójú mi bó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí owó ọkọ̀ wálẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àárọ̀ yẹn náà lẹ máa yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ̀nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti tanná sí i ṣáájú, ó ní ohun tí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ki bí ògì níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Èmi ò ní dúró rà á. Bí ẹ bá tanná sí i, ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí. Ṣéènì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ máa dún wàràwàrà. Kí èéfín búlúù má jáde lẹ́yìn. Ẹ tan éèsì sí i, kí ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn. Gosìló Lagos ni ẹ ń dán wò yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dára lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló máa ń gbóná bó bá dúró.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Omi àgbàrá máa ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rántí fọ̀ ọ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù náà sókè, torí pé búùtù ni bátìrì ńlá W211 wà, àpótí kan tó ń pín iná náà wà níbẹ̀. Bí omi bá ti wọ ibẹ̀, rìwáyà kò ní kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ní ti ìwé, nọ́ńbà 17 tó wà lójú gíláàsì, ti ẹnu ilẹ̀kùn àti ti inú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó ṣìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ọkọ̀ tó bá gba Kútọnu wọlé lẹ́yìn ìgbà náà lè di ti ìjọba mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, tó jẹ́ òun lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, tó tún ń gbé ọmọ lọ síléèwé, Lexus ni màá ní kí ẹ rà, èmi tí mò ń fi Bẹ́ńsì jẹun. Ẹ́ńjìnnì ES 350 àti RX 350 ti 2007 sókè ni wọ́n fi sí Camry oní V6, torí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n lọ́jà. Ẹ kàn wo rọ́bà kékeré kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí orí ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń bẹ́, irin ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. RX 330 ní tirẹ̀ ń lo bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní máìlì 90,000. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Range Rover àtijọ́? Àfi bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn nílé.

Ẹ má gbàgbé epo. Ní May 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. E350 máa ń jẹ tó lítà 12 ní kìlómítà 100, GX 470 ti Lexus, oní V8, á jẹ tó 15 tàbí 16, gosìló á sì tún fi kún un. Ẹ fi ìrìn yín lọ́sẹ̀ kan ṣírò rẹ̀ nílé, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín wà níbẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú ìwé tí ẹ fi béèrè owó lọ́jà lọ́wọ́. Ohun tó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Bí olówó ọkọ̀ bá kọ̀ kí mẹ́káníìkì yín fi síkánà wò ó, ẹ má bá a jiyàn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ má gbé e lọ síbi ìnáwó kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e wá ká pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíyà àti fílítà rẹ̀, omi bíréèkì àti kúláńtì, ká sì kọ máìlì ọjọ́ yẹn sínú ìwé kékeré tí yóò máa wà nínú ọkọ̀.