Àpá Tó Ń Wú: Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Tèmi

Ihò kejì tí mo lu sí etí òsì ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Lábẹ́ bíríjì Ojúẹlẹ́gba ni mo ti lu ú, lọ́mọ ọdún 23, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Múṣin. Ihò jinná, mo ti gbàgbé rẹ̀. Lóṣù kẹrin ni ọwọ́ mi ba kinní kan tó le bí ẹ̀wà lẹ́yìn etí. Kí ọdún tó yí po, ó ti tó èkùrọ́, ó sì ń yún mi lóru.

Ààlà ọgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí àpá bá wú, ṣùgbọ́n tí kò kúrò lójú ibi tí ara ti ya, bíi ti iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ẹ má fòyà jù. Irú rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kọjá ààlà, tó ń jẹ wọ inú ara tí nǹkan kan ò ṣe, kélọ́ìdì nìyẹn. Òun kì í dédé lọ. Ara ló ń rán ibi tó ya, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó já òwú. Etí, àyà, èjìká àti àgbọ̀n ló ti wọ́pọ̀ jù. Ó máa ń wà nínú ìdílé, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù. Ìyá mi ní in láyà, níbi tí eéwo ti mú wọn. Àwọn kan ní àsàsí ni tèmi. Kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ràn.

Nígbà tí ọgbẹ́ bá ṣì tutù, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le jù fọ̀ ọ́, ẹ fi Vaseline pa á, kí ẹ bò ó. Ẹ má máa da spírítì sí i lójoojúmọ́, ẹ má sì ṣí èépá rẹ̀. Tó bá ti pa ojú dé pátápátá, ẹ ra silicone pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá ní ilé òògùn. Ó kéré tán, wákàtí 12 lójúmọ́, fún oṣù 2 sí 3. Ooru Èkó máa ń jẹ́ kí òógùn kó sábẹ́ rẹ̀, kó sì sú èèyàn lára, nítorí náà alẹ́ ni mo ń lò ó: mo lẹ̀ ẹ́ ní agogo 7, mo ṣí i ní agogo 7 àárọ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bó bá ń yún yín, omi tútù ni kí ẹ fi aṣọ rẹ lé e, ẹ má họ ọ́. Ẹ fi gèlè tàbí ìborùn ṣíji bò ó lọ́wọ́ oòrùn, torí oòrùn ń mú àpá dúdú sí i.

Àṣìṣe mi tó burú jù ni pé mo jẹ́ kí wọ́n gé e ní kílíníìkì kékeré kan láìfi nǹkan mìíràn tì í. Oṣù mẹ́jọ péré, ó ti padà, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí wọ́n bá gé kélọ́ìdì nìkan, ó máa ń padà lára èyí tó ju ìdajì lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwú so ó tàbí kó da ásíìdì sí i.

Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ni mo padà lọ. Abẹ́rẹ́ triamcinolone, òògùn tó ń mú kí àpá rọlẹ̀, ni wọ́n ń gún sínú àpá náà gan-an, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin sí mẹ́fà. Ó dùn mí débi pé mo di ẹsẹ̀ àga mú. Ó tún lè jẹ́ kí awọ ibẹ̀ funfun díẹ̀ tàbí kó tín-ín-rín, ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ní àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ karùn-ún, èkùrọ́ ti di ẹ̀wà, ìyún náà sì dáwọ́ dúró.

Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 16, ó ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun lu ihò kejì. Yẹtí tí wọ́n ń fún mọ́ etí, tí kò nílò ihò, ni mo rà fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá.